Iṣu Tí Wọn Ò Gbà ní Markham

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òmùgọ̀ ni Bàbá Adékànmí, ẹ bá mi gbá onítọ̀hún létí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn, mo ti gbọ́ ọ nínú lífìtì ilé wa, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu ọkọ tèmi, ẹni tí kò ka lẹ́tà kan dé ìparí rí láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra. Bàbá kì í ṣe òmùgọ̀. Tíṣà ni wọ́n ní Ìbàdàn kí ìjọba ológun tó lé wọn kúrò nílé, wọ́n sì mọ̀wé ju gbogbo àwa tí à ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ilẹ̀ jinlẹ̀ ju tiwa lọ pẹ̀lú. Ohun tí wọ́n mọ̀ yẹn gan-an ló ṣe wọ́n léṣe.

Hameedat ni orúkọ mi. Ọmọ Ìwó ni mí, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń gbé ní àjà kẹfà ilé alájà méjìlá kan nítòsí Danforth. Ilẹ̀kùn Bàbá ló kọjú sí tèmi. Láti ìgbà tí mo ti kó débẹ̀ ni wọ́n ti sọ ara wọn di bàbá mi, láìbéèrè lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ kejì tí mo dé, wọ́n kan ilẹ̀kùn, wọ́n ní bàtà tí mo wọ̀ kò dára fún òtútù, pé màá ṣubú lórí yìnyín. Inú bí mi. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mo ti ṣubú.

Ilé wa ní ọ̀rọ̀ kan nínú tí kò wọ́pọ̀ ní Toronto. Èèyàn lè ra fúláàtì níbẹ̀, kó gba kọ́kọ́rọ́, kó fi ọ̀dà tó wù ú kùn ún, síbẹ̀ ilẹ̀ tí ilé dúró lé kì í ṣe tirẹ̀. Ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ àtijọ́ kan ló ni ilẹ̀. Wọ́n fi í háyà fún àádọ́ta ọdún, láti 1975, wọ́n sì ń pe àdéhùn bẹ́ẹ̀ ní líìsì. Tí àádọ́ta ọdún bá pé, tí ìwọ tó ń gbé fúláàtì kò bá sún líìsì tìrẹ síwájú, ilẹ̀ padà sọ́dọ̀ onílẹ̀, fúláàtì á sì bá a lọ, tòun ti ọ̀dà tí o kùn ún. Ìdí nìyẹn tí àwọn fúláàtì ibẹ̀ fi máa ń wà ní pọ́ọ́kú. Bàbá ra tiwọn ní 2001.

Nítorí ọmọ ni wọ́n ṣe rà á. Olúwatúnmiṣe ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Túnmiṣe ni gbogbo wa ń pè é. Èéyi ló ba ojú rẹ̀ jẹ́ ní Ìbàdàn nígbà tó wà lọ́mọ oṣù mẹ́jọ, kò sì rántí ìmọ́lẹ̀ kankan. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí Bàbá àti ìyàwó wọn, Màmá Oyinkán, mú un dé Toronto. Bàbá tó jẹ́ tíṣà di ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé ìwé, tó ń tún páìpù ṣe, tó ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí àwọn ọmọ tó dé. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n fi ṣe é. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń lé: ibi tí Túnmiṣe yóò máa gbé nígbà tí òbí rẹ̀ méjèèjì bá ti kú. Wọn ò sì fi í pamọ́. Wọ́n máa ń sọ ọ́ nídìí oúnjẹ, níwájú ọmọ náà fúnra rẹ̀, Túnmiṣe á sì dá wọn lóhùn lédè Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń sọ ní gbogbo ìgbà: "Daddy, eat your food, please."

Nígbà tí Túnmiṣe ríṣẹ́ ní ọsibítù kan láàárín ìlú, níbi tó ti ń dá àwọn tó bá pe tẹlifóònù lóhùn, Bàbá gba ìsinmi oṣù kan níbi iṣẹ́ wọn. Ní àràárọ̀ ni wọ́n ń rìn tẹ̀ lé e, láti ẹnu ọ̀nà dé ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀, láti ibẹ̀ dé ọsibítù, láìsọ̀rọ̀, láìfọwọ́ kàn án. Kọ́kọ́rọ́ ilé ìwé ń dún wọnwọnwọn nínú àpò wọn. Túnmiṣe ní òun ò lè kọ́ ọ̀nà tí òun bá ń gbọ́ Daddy lẹ́yìn òun. Bàbá fi àkísà di kọ́kọ́rọ́ náà. Kí oṣù tó parí, ọmọ náà ti mọ̀nà, ọdún méjìdínlógún ló sì fi dá lọ tó dá bọ̀, òjò ni o, yìnyín ni o. Òórùn ọbẹ̀ ló fi mọ àjà kọ̀ọ̀kan nínú ilé wa. Tí lífìtì bá ṣèèṣì ṣí ní àjà kẹrin, á ní, "Not ours, they're frying fish." Màá dúró tì í, màá máa wo ojú rẹ̀, inú mi á sì máa dùn bíi pé èmi ni mo bí i.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí Bàbá mọ̀ nípa ilẹ̀. Ọmọ Ìkirè ni bàbá tó bí wọn lọ́mọ, ṣùgbọ́n inú igbó Oǹdó ló ti dá oko kòkó, lórí ilẹ̀ ẹbí kan tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Lọ́dọọdún, tí ìkórè bá parí, ó máa ń kó iṣu, epo pupa àti ìgò ṣìnáàpù lọ fún wọn. Ìṣákọ́lẹ̀ nìyẹn. Adékànmí kékeré ló máa ń ru iṣu. Wọ́n ṣì rántí bí olórí ẹbí náà ṣe máa ń gba ìgò, tí á ta díẹ̀ sílẹ̀, tí á wúre pé kí oko so wọ̀ǹtì-wọnti. Ó parí. Ó di ọdún tó ń bọ̀. Kò sí ìwé, kò sí òǹtẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè lé wọn, nítorí ẹni tó bá ń san ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ déédé, tí kò sọ pé òun ló ni ilẹ̀, a kì í gba oko lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbẹ̀ kan tí oko rẹ̀ bá tiwọn pààlà ló lọ bá akọ̀wé pé kó bá òun kọ ìwé kan tí onílẹ̀ yóò tẹ̀ka sí. Nígbà tí onílẹ̀ rí ìwé náà, ó ní, "Áà, ilẹ̀ mi lo fẹ́ gbà." Kí òjò ọdún kejì tó dé, àgbẹ̀ náà ti kó ẹrù rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ kékeré tó ru iṣu kọ́ nìyẹn: ìṣákọ́lẹ̀ ní í mú èèyàn pẹ́ lórí ilẹ̀, ìwé ní í lé e kúrò.

Nítorí náà, nígbà tí lọ́yà jókòó tì wọ́n ní 2001, tó ń ṣàlàyé líìsì bí ẹni ń kọ́ ọmọdé, Bàbá dá a dúró. Wọ́n ní, "Ó yé mi. Ìṣákọ́lẹ̀ ni." Nínú gbogbo àwọn tó ra fúláàtì nílé yẹn, àwọn nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kò ṣe àjèjì sí.

Wọ́n wá onílẹ̀ lọ. Òyìnbó arúgbó kan tó ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Dunning ló ń bójú tó ilẹ̀ nígbà náà, nínú yàrá kékeré kan ní gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì, òpópónà méjì sí ilé wa. Owó ilẹ̀ ọdọọdún ń ti báńkì lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn ò tẹ́ Bàbá lọ́rùn. Ní oṣù October, nígbà tí àwọn ará Canada ń ṣe Ìdúpẹ́ ìkórè wọn, Bàbá ra iṣu mẹ́fà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Ghana, wọ́n ra epo, wọ́n ra ṣìnáàpù, wọ́n gbé e lọ. Ọ̀gbẹ́ni Dunning rò pé ẹ̀bùn Ìdúpẹ́ ni. Ó yọ̀, ó ní kí Bàbá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń se é. Ọdún kejì, Bàbá tún gbé e lọ, ọdún kẹta bẹ́ẹ̀, títí dé ọdún kẹtàdínlógún. Ọdún kan wà nínú rẹ̀ tí òyìnbó náà di Bàbá lọ́wọ́ mú, níṣojú Màmá Oyinkán, tó ní, "Adé, níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà níbí, kò sẹ́ni tó máa yọ ọ́ lẹ́nu lórí fúláàtì yẹn." Ọ̀rọ̀ ẹnu onílẹ̀, níwájú ẹlẹ́rìí. Kí ni wọ́n tún fẹ́ máa wá? Bó bá jẹ́ èmi, màá sùn fọnfọn.

Màmá Oyinkán kú ní 2014. Ọ̀gbẹ́ni Dunning fẹ̀yìn tì ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018, kò sì pẹ́ tí òun náà kú. Àwọn onílẹ̀ gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ́fíìsì ńlá kan ní Markham. Bàbá ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, àrùn Kòrónà tún dé, ó ti gbogbo ilẹ̀kùn pa. Ìyẹn ká wọn lára. Wọ́n máa ń sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ìyá Nímọ́tà, ìṣákọ́lẹ̀ tí mo jẹ ti ń pọ̀ o." Èmi á rẹ́rìn-ín, nítorí mo rò pé eré ni wọ́n ń ṣe.

Ní 2021, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Kò ṣòro kà. Ẹni tó bá fẹ́ sún líìsì rẹ̀ síwájú fún àádọ́ta ọdún mìíràn, kó fọwọ́ sí ìwé kó sì san owó rẹ̀, ó pẹ́ tán, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù October 2022. Ẹni tí kò bá ṣe é, fúláàtì rẹ̀ yóò di ti onílẹ̀ ní ìparí June 2025. Èmi àti ọkọ mi fọwọ́ sí tiwa, ojú wa rí màbo kí a tó rí owó rẹ̀. Owó Bàbá wà nílẹ̀ ní báńkì ní tiwọn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó rárá. Wọ́n ń kó lẹ́tà náà sínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bó ṣe ń dé. Nígbà tí Túnmiṣe béèrè, wọ́n ní, "Èmi àti onílẹ̀ ti sọ̀rọ̀ yẹn tán." Túnmiṣe gbà wọ́n gbọ́. Ta ni kò ní gba bàbá rẹ̀ gbọ́?

Ọjọ́ kejì Ìdúpẹ́, ó ku ogún ọjọ́ kí gbèdéke náà pé, Bàbá kan ilẹ̀kùn mi. Báàgì Ghana-Must-Go wà lọ́wọ́ wọn, iṣu mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀.

"Ìyá Nímọ́tà, gbé mi dé Markham."

"Ó dáa, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí a mú fọ́ọ̀mù yẹn dání."

"Fọ́ọ̀mù wo? Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò Dunning ni mo fẹ́ rí."

Mo gbé wọn. Ọ́fíìsì náà ń dán gbinrin, ó ń rùn bíi kápẹ́ẹ̀tì tuntun. Ọmọbìnrin kan ló jókòó síwájú, orúkọ rẹ̀ wà láyà rẹ̀: Oyíndà. Ojú Bàbá là.

"Oyíndà! Ọmọ wa ni! Ọmọ ibo ni ẹ́?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Good morning, sir. My parents are from Ìjẹ̀bú. I understand it, but I can't really speak it."

"Kò burú. Tó bá ti yé ẹ, ó tán." Bàbá gbé báàgì náà lé orí tábìlì gìdì. "Ìṣákọ́lẹ̀ rèé, ti ọdún márùn-ún. Gbé e wọlé fún àwọn ọ̀gá ẹ. Sọ fún wọn pé Adékànmí, ti Danforth, ẹni Dunning, ló wá kí onílẹ̀."

Oyíndà wo iṣu, ó wò mí, ó wọlé lọ. Nígbà tó jáde, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

"I'm so sorry, sir. We can't accept gifts. It's policy."

"Kì í ṣe gift. Ìṣákọ́lẹ̀ ni."

"I don't know what that is, sir."

Bàbá kọjú sí mi, kí n bá wọn sọ ọ́ kó yé e. Mo wá ọ̀rọ̀ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, mi ò rí i. Mo ní, "It's like rent." Ọmọ náà yíjú sí kọ̀ǹpútà, ó tẹ nǹkan díẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Oh no, your ground rent is fully paid, sir! You don't owe us anything." Lẹ́yìn náà ló ti báàgì náà padà síwájú Bàbá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ilé ire ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Ó tún mú ìwé kan wá, ó gbé bírò tì í. "But your extension form isn't in. If you sign today, sir, here and here, I'll do the rest for you myself." Ó wá fi ìwọ̀nba Yorùbá tó gbọ́ kún un: "Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Bàbá wo ìwé náà. Wọ́n wo iṣu wọn. Wọ́n na ọwọ́, mo sì rò pé bírò ni wọ́n fẹ́ mú. Báàgì ni wọ́n gbé. Wọ́n ní, "Ó dàbọ̀, ọmọ mi," wọ́n sì jáde.

A jáde sí ojú ọ̀nà ńlá. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Wọ́n dá ìṣákọ́lẹ̀ mi padà."

"Bàbá, òfin ọ́fíìsì wọn ni. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀."

"Onílẹ̀ tó bá dá iṣu padà, ó ti kọ̀ ẹ́ nìyẹn. Wọ́n fẹ́ lé mi. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n sì rán sí mi, kó lè dùn mí dọ́kàn. Ìwé tí wọ́n ní kí n fọwọ́ sí yẹn, ìwé ìléni ni."

"Bàbá, èmi náà fọwọ́ sí i."

"Ìwọ ò ní àdéhùn kankan pẹ̀lú wọn tẹ́lẹ̀. Èmi ní. Tí mo bá fọwọ́ sí tuntun, mo ti fi ẹnu ara mi sọ pé ti àtijọ́ ò sí mọ́." Wọ́n wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. "Àbí ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi nípa ilẹ̀ ni, Hameedat?"

Wọn ò pe orúkọ mi gangan bẹ́ẹ̀ rí. Mo dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa ìdákẹ́ yẹn. Apá kan rẹ̀ jẹ́ ọ̀wọ̀: a kì í bá àgbà jiyàn débi tí á fi dójú tì í. Apá kejì jẹ́ ìbínú. Mo ti pa shift kan jẹ nítorí wọn, wọ́n sì jágbe mọ́ mi nínú ọkọ̀ mi. Mo sọ lọ́kàn mi pé, ó dáa, kí wọ́n máa ṣe é bó ṣe wù wọ́n. Nígbà tí a délé, wọ́n gbé iṣu mẹ́wẹ̀ẹ̀wá fún mi, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ rí i mọ́. Mo gún un, èmi àti àwọn ọmọ mi jẹ ẹ́ tán.

Ogún ọjọ́ ló kù. Ó yẹ kí n kọjá sí òdìkejì, kí n sọ fún Túnmiṣe pé ìwé rèé, ibi tí bàbá rẹ á fọwọ́ sí rèé, bá mi bẹ̀ wọ́n. Wọn ì bá gbọ́ tirẹ̀. Mo pàdé rẹ̀ nínú lífìtì lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ogún ọjọ́ yẹn. Lẹ́ẹ̀kan, bàtà tuntun tó rà la sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mo ní ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ ni, kí n má baà di ẹlẹ́nu gígùn. Gbèdéke dé, ó kọjá, ilẹ̀ sì mọ́ lọ́jọ́ kejì bí ó ṣe máa ń mọ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Ní ọdún 2024, Túnmiṣe fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí lórí kọ̀ǹpútà: kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́. Ó sáré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò mú ọ̀pá dání, ó ń pe bàbá rẹ̀. Èmi náà ṣílẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí Bàbá sọ fún un pé àwọn onílẹ̀ ti da ọ̀rọ̀ Dunning nù, pé ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n, pé wọ́n yọ òun sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sún ti àwọn yòókù síwájú. Wọn ò sọ ti ìwé. Wọn ò sọ ti bírò. Bàbá wò mí lórí èjìká ọmọ wọn, mo sì tún dákẹ́.

Túnmiṣe dìde ogun. Oníjà èèyàn ni, ó jọ bàbá rẹ̀. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á máa pe tẹlifóònù, á máa kọ lẹ́tà, ó kọ̀wé sí aṣòfin àdúgbò, ó kọ̀wé sí ilé ìwé ìròyìn méjì. Gbogbo agbára tí ó yẹ kó fi wá ilé mìíràn, ó fi ń jà fún ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní wọ́n jí lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Lọ́yà kan gbọ́ tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu òkú kò lè sún líìsì, ó sì béèrè bóyá wọ́n fi ìwé lọ Bàbá nígbà náà. Bàbá ní rárá. Àgbàlagbà tí mi ò bá irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ọjọ́ yẹn ni mo bá wọn jà, ó ti pẹ́ jù. Mo ní, "Bàbá, ẹ sọ fún un. Òun nìkan ni kò mọ̀."

Wọ́n jókòó, wọ́n gbé ojú sílẹ̀. "Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe wá sí ìlú yìí, Ìyá Nímọ́tà. Tó bá mọ̀ pé èmi ni mo gba ilé lọ́wọ́ òun, ta ni màá wá jẹ́ lójú ẹ̀?" Wọ́n ń sunkún, omi ń já bọ́ sórí ẹsẹ̀ wọn.

Àwọn onílẹ̀ ò yí ọ̀rọ̀ padà. Wọ́n ti ta gbogbo fúláàtì tí kò ní líìsì tuntun fún ilé iṣẹ́ kan tó fẹ́ tún wọn ṣe. Ibi tí agbára Bàbá ká ni yàrá méjì ní bésìmẹ́ǹtì ilé ará Íńdíà kan ní Brampton. Bọ́ọ̀sì mẹ́ta àti ọkọ̀ ojú irin ló wà láàárín ibẹ̀ àti ọsibítù. Túnmiṣe bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ fún ìsinmi tí kò ní ọjọ́ ìpadàbọ̀, wọ́n fún un. Nígbà tó sọ fún mi, ohùn rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, bíi ti ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù.

Ọgbọ̀njọ́ oṣù June, ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ akẹ́rù dé. Kó tó di ọ̀sán, kò sí nǹkan kan mọ́ nínú fúláàtì náà àyàfi ògiri. Mo wọlé láti wò ó bóyá wọ́n gbàgbé ohun kan. Túnmiṣe dúró láàárín pálọ̀. Àga tó fi ń mọ ibi tí ògiri wà kò sí mọ́, tábìlì kò sí, kápẹ́ẹ̀tì kò sí, ohùn ẹsẹ̀ wa ń ta padà láti ibi gbogbo. Ó na ọwọ́ síwájú, ó yí díẹ̀, ó tún yí. Nínú ilé tó ti ń gbé láti ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà.

"Auntie, is that you?"

"Èmi ni, ọkọ mi."

"Is Daddy here?"

Bàbá wà nídìí fèrèsé. Wọ́n ní, "Mo wà ńbí."

Ojú Túnmiṣe ò yí sí ẹnì kankan nínú wa. Ó ní, "I want you both to hear it. Whoever did this to us, I will never forgive them. Never. Let God hear me."

Fìlà ni Bàbá kọ́kọ́ ṣí. Mo rò pé ooru ló mú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi orúnkún kan lélẹ̀, wọ́n fi èkejì tẹ̀ lé e, wọ́n fi ọwọ́ ti ilẹ̀, wọ́n sì na gbogbo ara wọn gbalaja sórí ilẹ̀ tí kò ní nǹkan kan lórí. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí wọ́n bí. Èèwọ̀ ni nílẹ̀ wa, mo sì la ẹnu láti kígbe, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ìka kan sókè sí mi pé kí n dákẹ́. Wọ́n rò pé nítorí kò ríran, kò ní mọ̀.

"Túnmiṣe."

"Daddy?"

"Wọ́n gbé ìwé náà fún mi. Ní Markham. Bírò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà bẹ̀ mí, mi ò fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó yọ wá sílẹ̀. Èmi ni. Èmi ni mo ṣe é."

Mo ń retí kí Túnmiṣe pariwo, kó gbé bàbá rẹ̀ ṣépè, kó sunkún. Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń gbọ́ nǹkan tí àwa ò gbọ́. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò gbọ́ Yorùbá tó jálẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ó ní, "Daddy, kí ló dé tí ohùn yín ń ti ilẹ̀ wá?"

Túnmiṣe kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ wá ilẹ̀ kiri títí ó fi kan orí wọn. Ó fọwọ́ tọ ọrùn wọn, ó tọ ẹ̀yìn wọn dé ìbàdí, ó tọ apá tí wọ́n nà. Nígbà tó yé e bí wọ́n ṣe wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọ́n lápá, ó ń sọ pé, "Ẹ dìde, Daddy, ẹ dìde, ẹ dìde." Agbára rẹ̀ ò tó o. Ó fi wọ́n sílẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ tì wọ́n níbẹ̀.

Ibẹ̀ ló yẹ kí èmi náà kúnlẹ̀ sí, kí n sọ fún un pé mo mọ̀, pé ogún ọjọ́ ni mo fi mọ̀, mo sì ń bá a sọ̀rọ̀ bàtà. Mi ò kúnlẹ̀. Mo ní àwọn tó ni ọkọ̀ akẹ́rù ti ń retí wọn nísàlẹ̀.